Ìbọn Ẹ̀yẹ ní Ọdún Tí Fẹ́ǹsì Wó

Òjò ló wó fẹ́ǹsì náà, kì í ṣe ènìyàn. Ó rọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín ilé wa àti ilé Dádì Chidera ti dùbúlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Màmá Àgbà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí Mọ́mì Chidera lódìkejì tó ń fa omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o. A ti di ará ilé kan náà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ níta, kó yáa kọ ẹ̀yìn sí wa." Inú tèmi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi ara mi ṣe. Tẹ́lẹ̀, kí n tó lè dé ọ̀dọ̀ Chidera, mo ní láti jáde sí títì, kí n gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, kí n máa kan géètì wọn títí ẹnì kan á fi gbọ́ lábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Ní àárọ̀ yẹn, mo fo búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, mo ti bá ara mi ní ilé ìdáná wọn. Kíláàsì kan náà ni èmi àti Chidera wà. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ìbà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Bí a bá ń jà, òwe ló fi ń bú mi.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà àti Màmá Àgbà ni mo gbé dàgbà, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni bàbá mi ń wa mọ́tò lọ, ìyá mi sì ń ránṣọ ní Okokomáíkò, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé, oorun ti ń kùn mí. Ilé wa jẹ́ ilé ariwo, ṣùgbọ́n ariwo tó ní ètò ni. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, ìró omi ni, èmi ni mò ń pọn ọ́n láti ẹ̀rọ, korobá á máa gbá mi ní orúnkún. Lẹ́yìn náà ni igi á máa ta pàrà pàrà lábẹ́ àyangbẹ ẹja tí Màmá Àgbà ń yan tà, èéfín rẹ̀ ò sì fi aṣọ kankan sílẹ̀. Kódà ní kíláàsì, wọ́n máa ń mọ̀ pé mo ti dé kí wọ́n tó rí mi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó kan Dádì Chidera. Ní Àlàbá ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, sípíkà àti àńpù ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń tún ṣe, èyí tí wọn ò bá rí tún ṣe níbẹ̀, wọ́n á gbé e wálé. "Wán, tú. Wán, tú. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Bàbá Àgbà á dáhùn láti orí àga wọn pé, "À ń gbọ́ ẹ, Dádì Chidera. Àwọn òkú ìdílé wa náà ń gbọ́ ẹ." Bí ẹ̀bà bá wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, a ó máa jẹ ẹ́ sí ìlù tó ń ti ògiri wọn wá. Bàbá Àgbà ló ta ilẹ̀ náà fún Dádì Chidera, nítorí náà "Lándílọ́ọ̀dù mi" ni Dádì Chidera ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ilé alájà lé e lórí, tó sì fi àwọn ọmọ yunifásítì sí òkè.

Ọdẹ ni Bàbá Àgbà. Ọmọ Ìbà gan-an ni wọ́n, wọ́n sì ti ń pa ọ̀yà ní ibi tí àwọn ènìyàn ń páàkì mọ́tò sí lónìí. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni wọ́n ní. Wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọ́n fi gíláàsì bo ìwé náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ìgbéyàwó wọn. Màmá Àgbà máa ń sọ fún àlejò pé ìyàwó méjì ló wà lára ògiri yẹn, èyí tí wọ́n fi gíláàsì tó dáa bò kì í sì í ṣe òun. Inú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn ni ìbọn ń sùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ ní ọrùn Bàbá Àgbà. Ní gbogbo Sátidé, bí a bá ti jẹun tán, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti nù ún. Èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹní. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n á ṣí ìbọn náà ní ọrùn, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á ní kí èmi náà wò ó. "Kí lo rí?" "Mi ò rí ọta, Bàbá." "Mi ò bi ẹ́ ní ohun tí o ò rí." "Mo rí òfuurufú, Bàbá." Ìgbà náà ni wọ́n tó máa gbà. Wọ́n ní ìbọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ló máa ń pa ọmọ ẹni, nítorí èyí tó ní ọta nínú, gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, ilẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ á máa wò. Ọmọ tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ pé ìbọn náà wà ní ṣíṣí, wọ́n á fà á létí títí etí náà á fi sọ fún un. Tèmi ti sọ fún mi rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí fẹ́ǹsì ti wó, ohun tí àwa mẹ́ta nìkan máa ń rí di ohun tí gbogbo àdúgbò ń wò. Ní Sátidé àkọ́kọ́, bí Bàbá Àgbà ṣe jókòó tí wọ́n gbé ìbọn lé itan, mo gbójú sókè, mo rí àwọn ọmọ yunifásítì lórí bálíkónì, wọ́n tò bí ẹyẹ lórí wáyà. Ọ̀kan nínú wọn ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ jẹ́ ká yà yín ní fótò." Bàbá Àgbà ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹran ni kí o wá yà bí mo bá pa á. Ìbọn kì í rẹ́rìn-ín." Gbogbo bálíkónì bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì Chidera ní tirẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ti fèrèsé. Bàbá Àgbà rí i. Wọ́n dìde, wọ́n pa ìbọn dé, wọ́n ní kí n lọ sọ fún un pé Sátidé tó ń bọ̀, àwọn á rán mi wá kí ìbọn tó jáde, kí ó lè mọ̀. Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, èmi ni mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá wa ní kí n sọ fún yín pé ìbọn ń jáde o, nínù ni wọ́n fẹ́ nù ún, wọn ò ní yìn ín." Mi ò mọ iṣẹ́ kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe báyìí, bí mo bá sì jó géètì tó dáa fún ènìyàn, inú mi a máa dùn, ṣùgbọ́n kò dà bí kí ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlagbà, kó sọ pé ìbọn ń bọ̀, kí àgbàlagbà náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé àyà síta. Ẹni tó bá ń wò mí yóò rò pé èmi ni mo ni ìbọn.

Òjò ṣì ń rọ̀ lọ́dún yẹn nígbà tí Chidera sọ fún wa pé ìyá bàbá òun ń bọ̀ láti ìlú wọn. Mama Nnukwu ló ń pè é, bí àwọn ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Kò wá sí Èkó rí. Àìsàn ẹsẹ̀ ló ń gbé e bọ̀, kí dókítà lè bá a wò ó. Bàbá Àgbà gbé àwo ẹ̀bà wọn tì. Wọ́n ní, "Ìyá ẹni tó tún fíríìjì wa ṣe láìgba kọ́bọ̀, ìyá ẹni tí mo ta ilẹ̀ fún, tó ń bọ̀ wá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. A ò lè máa wò ó bí ẹni wo ewúrẹ́ tó ń kọjá. Mo máa yin ìbọn fún un." Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ọdẹ gbé rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdẹ ò ní ohun tó ju ìbọn rẹ̀ lọ. Bí ọba bá gorí oyè, wọ́n á yìnbọn. Bí àgbà ọdẹ bá lọ, wọ́n á yìnbọn. Ẹni tí ọdẹ bá yìnbọn fún lójú ayé rẹ̀, tí kì í ṣe ọba, ó ti gba ohun tí owó kò lè rà. Ìbọn ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pè é.

Màmá Àgbà ní, "Ṣé ẹ ti bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́?"

"Ta ni wọ́n ń bi pé ṣé ó fẹ́ ẹ̀yẹ?"

"Èmi ń béèrè ni o. Bí ẹ ṣe yìn ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa nìyẹn, ìyá mi da àwo ọbẹ̀ sára."

"Ìdùnnú ló mú un dà á."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sí ohun tó yẹ ní ṣíṣe tí Bàbá Àgbà ò ṣe. Wọ́n lọ sọ fún baálẹ̀. Wọ́n lọ sí tésàn ọlọ́pàá, wọ́n mú ìwé wọn dání. Wọ́n wo ibi tí ẹnu ìbọn máa kọ sí, apá ibi irà tí kò sí ilé. Àwa méjèèjì jọ rìn ká gbogbo ojúlé, wọ́n sì ń sọ fún oníkálùkù, títí kan àwọn ọmọ yunifásítì, títí kan ọ̀gá aláṣọ funfun, pé bí àlejò Dádì Chidera bá ti sọ̀ kalẹ̀, ìbọn kan máa dún, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Dádì Chidera pàápàá, nígbà tó gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn sókè. "Bàbá, ẹ̀yin náà too much. Mama mi máa jó. Mo máa fi fóònù ká a, kí àwọn ará ilé lè rí i." Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá náà, kó lè bá a lójijì. A ní kò burú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ yìn ín fún. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí láti ìgbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi, nítorí pé gbogbo wa ni inú wa ń dùn.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ti ń jáde kí oòrùn tó gbóná. Màmá Àgbà wọ bùbá tuntun, wọ́n din ẹja tó kún agbọ̀n. Bàbá Àgbà wọ gbérí ọdẹ wọn tó ń rùn bí ewé gbígbẹ, wọ́n dúró sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé wa, ibi tí wọ́n ti lè rí ẹnu ọ̀nà Dádì Chidera, nítorí kò sí fẹ́ǹsì mọ́. Èmi ni mo dúró sójú títì láti máa ṣọ́ mọ́tò. Nígbà tó yọ ní kọ́nà, mo sáré, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mò ń ké pé, "Wọ́n ti dé, wọ́n ti dé." Mọ́tò dúró. Obìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀, ó so ìborùn mọ́rí, ó fi ọ̀pá kan tilẹ̀. Iṣu wà ní búùtù, àgbébọ̀ adìyẹ kan tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ ń wo gbogbo wa. Chidera sáré lọ dì mọ́ ọn. Dádì Chidera ti gbé fóònù sókè. Ìbọn dún.

Mi ò lè ṣàlàyé bí ìró yẹn ṣe dùn mọ́ mi nínú. Ilẹ̀ mì lábẹ́ mi, àwọn ẹyẹ ṣí kúrò lórí irà lẹ́ẹ̀kan náà, ajá gbogbo òpópónà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, mọ́tò méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra wọn. Àwọn ọmọ yunifásítì pàtẹ́wọ́. Mo fò sókè. Nígbà tí mo wo apá ibi mọ́tò, n kò rí Mama Nnukwu mọ́, n kò sì rí Chidera. Ọ̀pá nìkan ló wà nílẹ̀. Ìyá tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn ti dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ti fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu kí ó má bàa ké, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ òun àti ọmọ náà lọ sábẹ́ mọ́tò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Ó jọ eré lójú mi, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo rí ojú Chidera lókè ọwọ́ yẹn, tó ń wò mí. Ó rí eyín mi. A jọ ṣe ọ̀rẹ́ títí wọ́n fi kó lọ, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀ rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn nítorí ẹ̀rín.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí Mama Nnukwu fà jáde lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ni Dádì Chidera jáde, ojú rẹ̀ ti yípadà. Ó ní ogun tó jà ní ilẹ̀ àwọn, ìyá òun wà ní ọmọdébìnrin nígbà náà, òun ò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nítorí kò sọ fún ọmọ kankan rí. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé èmi náà gbà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyá mi sí ibi tí ìbọn wà. Lọ́la, mo máa lọ sí tésàn, mo máa ní kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì yẹn. Bí wọn ò bá gbà á, mo máa ta ilé yìí." Kò pariwo. Bàbá Àgbà ò bá a jiyàn. Wọ́n wọlé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ, ìyẹn ò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé wa. Mo ń wo ìwé inú gíláàsì yẹn lára ògiri. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá gbà á, kí ni Bàbá Àgbà máa jẹ́? Bàbá arúgbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja.

Òfin kan wà láàárín àwọn ọdẹ tí mi ò gbọ́ rí títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ bá da aláìṣẹ̀ délẹ̀, ọta ì báà bà á, ọta ì báà má bà á, kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn náà mọ́, àfi bí ẹni tó ṣubú bá sọ pé kó gbé e. Bàbá Àgbà ní kí n tẹ́ ẹní. Kì í ṣe Sátidé. Mo fẹ́ tẹ́ ẹ síbi tí a máa ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n ní rárá, orí ibi tí fẹ́ǹsì wà tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n gbé ìbọn jáde ní ṣíṣí, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n da ìdí rẹ̀ kọ ilé Dádì Chidera, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dọ̀ ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò jókòó sí iwájú ìbọn rí. Oòrùn yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Bálíkónì kún, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n ya fótò. Dádì Chidera jáde, ó ti múra ọ̀nà tésàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lójú àwọn ọmọ mi."

"Kì í ṣe tèmi mọ́ láti gbé."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá rẹ ni."

Dádì Chidera wo ìbọn, ó wo bàbá arúgbó tó jókòó sẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kí ni ìyá mi fẹ́ fi ìbọn ṣe?"

"Kó ní kí n gbé e, tàbí kó ní kí n má gbé e. Bó bá ní kí n má gbé e, ìwọ àti èmi la jọ máa gbé e lọ sí tésàn, mi ò ní jẹ́ kí o dá lọ."

Dádì Chidera ò lọ sí tésàn mọ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wó, ó ń fi bàtà gbẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Màmá Àgbà gbé fùfú wá, Bàbá Àgbà mi orí. Màmá Àgbà ní, "Ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀, ẹ ò gbààwẹ̀. Bí ẹ bá dákú síbẹ̀, ta ni obìnrin náà máa dáríjì?" Bàbá Àgbà jẹ ẹ́. Màmá Àgbà bu tiẹ̀ fún Dádì Chidera láìbéèrè, òun náà jẹ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ènìyàn lè tún bá a jẹ fùfú láti inú ìkòkò kan náà.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Mama Nnukwu jáde. Chidera ló dì í lọ́wọ́ mú. Gbogbo wa dìde, àfi Bàbá Àgbà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, gbogbo bí wọ́n ṣe gùn tó. Mama Nnukwu sọ̀rọ̀, Chidera ń túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ dìde, Bàbá, wọ́n ní ẹrọ̀fọ̀ wà nílẹ̀."

Bàbá Àgbà ní, "Sọ fún wọn pé ẹrọ̀fọ̀ náà ni èmi fi wọ́n sí."

Chidera sọ ọ́. Mama Nnukwu ní kí wọ́n gbé àga wá, ó jókòó sí ọ̀dọ̀ ìdí ìbọn. Ó ní òun fẹ́ wò ó. Chidera túmọ̀ ìyókù bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mama Nnukwu ní nígbà tí ogun dé abúlé àwọn, inú oko ẹ̀gẹ́ ni ìyá òun kó àwọn sá sí, ó da àwọn délẹ̀, ó fọwọ́ bo àwọn lẹ́nu. Ìró nìkan ni àwọn ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin dìde láti wò ó, kò sì jókòó mọ́. Ó ní òun ti gbọ́ ìbọn títí láyé òun, lójú oorun, bí ilẹ̀kùn bá gbá, bí ọmọ òun bá ń dán sípíkà rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n òun ò rí ọ̀kan rí kí òun fi ojú òun wò ó dáadáa. Dádì Chidera bo ojú rẹ̀.

Bàbá Àgbà gbé ìbọn náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Wọ́n fi ibi tí ọta ń gbà wọlé hàn án. Wọ́n fi ìka wọ inú rẹ̀ kó rí i pé ó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ẹnu rẹ̀ sí òkè, wọ́n ní kó wo inú rẹ̀ láti ìdí. Mama Nnukwu di ojú kan, ó wo inú ihò náà títí. Bàbá Àgbà ní, "Chidera, bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí." Èmi ti mọ ìdáhùn, ó ń yún mi ní ahọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí Mama Nnukwu sọ kì í ṣe ohun tí mo mọ̀. Ó ní òun rí i pé kékeré ni.

Ó wá sọ ohun tó fẹ́. Ó ní kí Bàbá Àgbà máa gbé ìbọn wọn lọ, ọwọ́ wọn ló yẹ, ẹni tó lè jókòó sẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ kì í ṣe ẹni tí òun máa bẹ̀rù. Dádì Chidera ti sọ pé òun máa kó búlọ́ọ̀kù wá láti mọ fẹ́ǹsì gíga. Mama Nnukwu ní kí ó má mọ ọ́n kọjá àyà òun. Èyí tí òun ń rí, òun mọ ibi tó wà. Èyí tó wà lẹ́yìn ògiri, òun á máa wá a kiri lójú oorun. Àti pé ìbọn ẹ̀yẹ tí wọ́n yìn fún òun, òun ò tíì gbà á. Lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ sílé, kí wọ́n tún un yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ló máa sọ ìgbà.

Títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sàn, kò sí Sátidé kan tí Mama Nnukwu pa jẹ. Èmi ṣì ń lọ sọ fún gbogbo ojúlé, ilé wọn ni mo kọ́kọ́ ń dé. Á gbé àga jáde, á fi ọwọ́ méjèèjì lé orí fẹ́ǹsì kúkúrú yẹn, á máa wo Bàbá Àgbà bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa ìbọn. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á máa sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà á sọ ìtàn ẹfọ̀n ní Yorùbá, Mama Nnukwu á dáhùn ní Ìgbò, Màmá Àgbà á ní, "Ẹ wo àwọn méjì yìí, irọ́ wọn bára mu." Mama Nnukwu ló kọ́ Màmá Àgbà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ onúgbu, ìyẹn ọbẹ̀ ewúro tiwọn, a sì jẹ ẹ́ títí tí ìyá mi fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun kù díẹ̀ kó jáde, ó ní ilé ń pe òun. Bàbá Àgbà tún mú ìwé wọn lọ sí tésàn láti gbàyè. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní òun gbọ́ pé èyí tó kọjá da arúgbó kan délẹ̀, òun ò lè fọwọ́ sí i, àfi bí ẹnì kan nínú àwọn aládùúgbò bá dúró fún wọn. Dádì Chidera ló ti ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá wá dúró fún wọn. Gbogbo wa tún jáde lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà dúró sí ìpẹ̀kun, ẹnu ìbọn wo irà. Mama Nnukwu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, kò fara ti nǹkan kan, Chidera ló di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó gbé e síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Mi ò wo Bàbá Àgbà, mi ò wo ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ìbọn dún. Àwọn ẹyẹ ṣí, àwọn ajá gbó, àwọn mọ́tò ké. Ẹsẹ̀ Mama Nnukwu kò kúrò níbi tó wà. Ó dúró títí èéfín fi tán, ojú rẹ̀ sí apá ibi tí ìró náà bá lọ, bí ẹni tó ń wo àlejò rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ nǹkan kan ní ohùn jẹ́jẹ́, Chidera sì bú sẹ́rìn-ín débi pé kò lè túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Àgbà ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ìbọn ti wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ wọn, òógùn ń dà lójú wọn.

"Kí ni wọ́n wí?"

Chidera nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní ṣé ìbọn náà kò ju báyìí lọ ni?"